Kí o tó yan irú ìjà tí wàá kọ́

Ìkéré-Èkìtì

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Mo ka ohun tí o kọ ránṣẹ́. Inú mi dùn pé o fẹ́ kọ́ ìjà, o ò sì ní gbọ́ lẹ́nu mi láé pé obìnrin kì í jà. O ní tàìkwọńdò wà nínú ọgbà yunifásítì yín, pé àwọn oníkàrátè máa ń pàdé nírọ̀lẹ́, pé ọ̀rẹ́ rẹ kan sì ń fà ọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń kan ẹ̀ṣẹ́ ní Adó. O wá ń béèrè èwo ló lágbára jù nínú wọn. Èmi ò ní kọ́kọ́ béèrè ìyẹn. Lọ jókòó tì wọ́n, kí o wo bí wọ́n ṣe ń dánra wò. Ṣé ẹnìkejì ń jà padà, àbí ó kàn dúró gbagidi kí wọ́n lè ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́? Ibi tí ẹnìkejì bá ti ń kọ̀ fún ọ, tí ẹ̀ ń fi agbára ṣe é, tí ẹ sì ń padà sílé láìfarapa, ibẹ̀ ni wàá ti mọ ìjà, orúkọ yòówù kí wọ́n kọ sára ògiri wọn.

Ṣùgbọ́n ṣáájú gbogbo rẹ̀, kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú. O lè gbé ayé rẹ kí o má jà lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ balùwẹ̀ họ́sítẹ̀lì á yọ̀, ọ̀kadà á sì dá èèyàn sílẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ ìṣubú máa ń na ọwọ́ sẹ́yìn láti fi gba ara rẹ̀ dúró. Gbogbo ìwúwo ara á wá bọ́ sórí ọrùn ọwọ́ kan ṣoṣo. Bí ọrùn ọwọ́ ò bá ṣẹ́, agbára náà á gba apá gòkè lọ ṣẹ́ eegun tó wà láàrin ọrùn àti èjìká.

Orí ẹní ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Dùbúlẹ̀, fi ẹ̀yìn lélẹ̀, gbé orí sókè kí àgbọ̀n kan àyà, kí ojú rẹ máa wo kókó bẹ́líìtì rẹ. Gbé apá méjèèjì síwájú, kí o sì fi wọ́n gbá ẹní lẹ́ẹ̀kan náà, láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka, àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀. Wo ibi tí apá balẹ̀ sí. Bí ó bá nà gbọọrọ dé ọ̀gangan èjìká, èjìká ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ìhà, ara rẹ á ṣubú lé e. Àárín méjèèjì ni kí o fi sí. Mí síta bí o ṣe ń balẹ̀, torí ẹni tó di èémí mú ni ìṣubú máa ń gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ṣe é ní ogún ìgbà. Tó bá ti mọ́ ọ lára, ṣe é láti ìjókòó, lẹ́yìn náà láti ìlóṣòó. Ìgbẹ̀yìn ni ti ìdúró: rọ orúnkún títí ìdí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gìgísẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ wá yí lọ bí àgbá. Ẹni tó bá ṣubú ní gígùn gbọnrangandan, ìdí ló máa fi gbá ilẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn á sì mọ̀ ọ́n lára.

Bí ó bá ti rẹ èèyàn, àgbọ̀n máa ń kúrò láyà láìmọ̀, ẹ̀yìn orí á sì gbá ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìṣubú fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, nígbà tí ara ṣì le. Kóòṣì tó bá ń jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ tuntun ṣánlẹ̀ kó tó mọ èyí ṣe, má dúró sọ́dọ̀ rẹ̀.

Nínú gbogbo ìjà tí mo mọ̀, júdò ló ń kọ́ èèyàn ní ìṣubú dáadáa jù. Ọdún 1882 ni Jigoro Kano dá ilé-ẹ̀kọ́ Kodokan sílẹ̀ ní Tokyo. Àwọn ìjà àtijọ́ ilẹ̀ Jàpáànì ló ti mú tirẹ̀ jáde, àmọ́ nínú ìdánrawò tí wọ́n ń fi gbogbo agbára ṣe, ó yọ lílu èèyàn àti àwọn ohun tó lè ba ara jẹ́ kíákíá kúrò. Àwọn kan rò pé yíyọ yẹn sọ ọ́ di ìjà ọmọdé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí pé ó yọ wọ́n, àwọn ọmọ rẹ̀ lè máa gbá ara wọn mú lójoojúmọ́, kí ẹnìkejì sì máa kọ̀ fún wọn pẹ̀lú gbogbo okun rẹ̀. Àwọn tí ìjà tiwọn "léwu ju ohun tí wọ́n lè fi dánra wò lọ" ò rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ, kí i dáadáa, kí o sì máa lọ.

Jẹ́ kí n mú ọ̀kan nínú júdò wá, èyí tí wọ́n ń pè ní osoto gari, kí o lè mọ ohun tí wàá máa wò. Ọwọ́ òsì rẹ di apá aṣọ rẹ̀ mú nítòsí ìgbọ̀nwọ́, ọwọ́ ọ̀tún di ọrùn aṣọ mú. Kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì tì í kó fì sẹ́yìn, títí gbogbo ìwúwo rẹ̀ á fi wà lórí gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ òsì rẹ máa tẹ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, kí àyà rẹ kan tirẹ̀, kí o tó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn láti ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun máa ń sáré na ẹsẹ̀ kí wọ́n tó mi ẹnìkejì. Ìwọ tó o na ẹsẹ̀ lo wá ń fì sẹ́yìn, osoto gari yẹn náà ló sì máa fi dá ọ. Kóòṣì tó mọṣẹ́ kì í pariwo nípa ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ ló máa ń wò.

Júdò ní ibi tó kù sí. Aṣọ tó nípọn ló gbẹ́kẹ̀ lé. Bí o bá di ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mú bẹ́ẹ̀, yóò fàya. Láti 2010 ni òfin ìdíje rẹ̀ sì ti ń ká àwọn ajàdù lọ́wọ́ kò lórí fífi ọwọ́ mú ẹsẹ̀. Ìjàkadì ò ní ìṣòro méjèèjì. Ara lo máa gbá mú níbẹ̀: abẹ́ abíyá, ìbàdí, ẹ̀yìn orúnkún. Bí àwọn baba wa ṣe ń ja ẹkẹ náà nìyẹn, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ni wọ́n dá. Ọdún 2004 ni ìjàkadì obìnrin wọ Òlíńpíìkì. Odunayo Adekuoroye gba góòlù fún Nàìjíríà ní ìdíje Commonwealth 2014 àti ti 2018, Blessing Oborududu sì gba fàdákà níbi Òlíńpíìkì Tokyo, ìyẹn àkọ́kọ́ tí ọmọ Nàìjíríà yóò gba àmì ẹ̀yẹ fún ìjàkadì níbẹ̀. Nítorí náà, béèrè ní pápá ìṣeré tó wà ní Adó bóyá àwọn oníjàkadì ń ṣeré, kí o tó gbà pé tàìkwọńdò àti kàrátè nìkan ló wà.

Ní ti tàìkwọńdò, mi ò ní bù ú kù. Láti Sydney 2000 ni wọ́n ti ń fún un ní àmì ẹ̀yẹ gidi ní Òlíńpíìkì, Chika Chukwumerije sì gba idẹ nínú rẹ̀ fún wa ní Beijing lọ́dún 2008. Kò sí ìjà tó ń kọ́ ẹsẹ̀ tó o. Ṣùgbọ́n òfin ìjà ló ń mọ ara ajàdù. Nínú ìdíje tàìkwọńdò, o lè fi ẹsẹ̀ gbá ojú, o ò gbọdọ̀ fi ẹ̀ṣẹ́ lu ojú. Ẹ̀ṣẹ́ sí àyà ń mú máàkì kan wá, fífi ẹsẹ̀ gbá orí ń mú mẹ́ta. Ta ló wá fẹ́ fi ọwọ́ bo ojú? Ọwọ́ á máa rọ̀ sílẹ̀, yóò sì mọ́ ọn lára. Bí o bá lọ síbẹ̀, sọ fún ara rẹ pé ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà lókè, kódà bí kóòṣì ò bá bèèrè fún un.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá ń gbá, èyí tó dúró gbọ́dọ̀ yí lórí ìka títí gìgísẹ̀ rẹ̀ á fi kọjú sí ẹni tí ò ń gbá. Lórí sìmẹ́ǹtì tó rí ṣákaṣàka, tàbí pẹ̀lú bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, ẹsẹ̀ yẹn ò ní yí. Ìbàdí á yí, ẹsẹ̀ á dúró, orúnkún tó wà láàrin wọn ni yóò lọ́. Irú iṣan tó ń já bẹ́ẹ̀ máa ń gbà tó oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án kó tó sàn, nígbà míì ó sì máa ń gba iṣẹ́ abẹ. Má sì na iṣan itan nígbà tí ara ṣì tutù, àgàgà láàárọ̀ ọyẹ́. Fo okùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí òógùn kọ́kọ́ yọ.

Kàrátè kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Okinawa, erékùṣù kan ní Jàpáànì, ló ti wá, Gichin Funakoshi sì gbé e dé Tokyo ní 1922. Nínú Shotokan, oríṣi kàrátè tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde, wọ́n máa ń dá ẹ̀ṣẹ́ dúró kó tó wọlé. Kyokushin tí Masutatsu Oyama dá sílẹ̀ yàtọ̀: wọ́n ń lu àyà àti itan ara wọn ní tòótọ́, àmọ́ ẹ̀ṣẹ́ ò gbọdọ̀ kan ojú. Bí àwọn ti ọgbà yín bá ń lo gbogbo ìrọ̀lẹ́ fún kata, ìyẹn àwọn ìṣísẹ̀ ìjà tí èèyàn ń dá ṣe láìsí alátakò, tí ẹnì kankan ò fọwọ́ kan ẹnìkejì, eré ìdárayá ni wọ́n ń ṣe, ó sì dára fún ara. Kí wọ́n ṣáà má pè é ní ìjà fún ọ.

Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ló ń kọ́ ojú àti ẹsẹ̀ kíákíá jù lọ, torí pé ohun díẹ̀ ló ní, wọ́n sì ń ṣe díẹ̀ yẹn lẹ́gbẹ̀rún ìgbà. Ra báńdéèjì ọwọ́ tó gùn tó mítà mẹ́rin ààbọ̀. Àwọn kúkúrú kì í tó. La ìka rẹ bí o ṣe ń wé e. Fi òrùka rẹ̀ sí àtàńpàkò, yí i ká ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ká oríkèé ìka lẹ́ẹ̀mẹta, gba àárín ìka kọ̀ọ̀kan kọjá, kí o sì parí rẹ̀ sí ọrùn ọwọ́. Bí ìka bá kú tipiri, ó ti le jù, tú u. Oríkèé méjì àkọ́kọ́ ni kó máa kan àpò tí wọ́n ń lù, kí ọrùn ọwọ́ sì gún. Àwọn tó ń ju ẹ̀ṣẹ́ gbàgà-gbàgà máa ń fi ìhà ọmọńdinrín kàn án, eegun tó wà lẹ́yìn ọwọ́ níbẹ̀ ló sì máa ń ṣẹ́.

Orí ni ìṣòro ẹ̀ṣẹ́. Ìbòrí tí wọ́n ń dé máa ń dín ojú bíbẹ́ kù, kì í dá mímì ọpọlọ dúró. Nítorí náà mi ò fẹ́ kí o jà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́: àpò, okùn, ẹsẹ̀, ó tó. Lẹ́yìn ìyẹn, gílọ́ọ̀fù oní-16 áńsì, rọ́bà tí wọ́n ń fi bo eyín lẹ́nu, àti ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń rọra. Bí nǹkan bá gbá ọ lórí, ì báà jẹ́ ẹ̀ṣẹ́, ì báà jẹ́ ilẹ̀, tí orí wá ń fọ́ ọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí o ò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, ìdánrawò ti parí lọ́jọ́ yẹn, ohunkóhun tí kóòṣì ì báà sọ. Bí o bá ń bì léraléra, tàbí tí oorun tí kò ṣeé jí ń gbé ọ, ọsibítù ni. Má padà títí gbogbo rẹ̀ á fi lọ, kí o sì padà díẹ̀díẹ̀: ìrìn lọ́jọ́ kan, eré sísá lọ́jọ́ kejì, okùn, àpò. Kí dókítà rí ọ kí o tó bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀ṣẹ́ tó bá bá ọpọlọ tí kò tíì sàn ló ń pa èèyàn.

Èrò tèmi nìyí. Ìjàkadì tàbí júdò ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọdún kan. Fi ẹ̀ṣẹ́ kún un láàrin ọdún náà. Bí àwọn méjèèjì ò bá sí nítòsí, mú tàìkwọńdò tí kóòṣì rẹ̀ jẹ́ èèyàn gidi, kí o sì máa wá Adó lọ́jọ́ Sátidé fún ẹ̀ṣẹ́. Wo àwọn ọmọ wa méjì tó gba bẹ́líìtì UFC, ìdíje tí wọ́n ti ń da oríṣiríṣi ìjà pọ̀, lọ́dún 2019. Ìjàkadì ni Kamaru Usman fi bẹ̀rẹ̀, Israel Adesanya fi ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí èyí tó lè dúró síbi tó ti bẹ̀rẹ̀: Usman ní láti kọ́ ẹ̀ṣẹ́, Adesanya ní láti kọ́ bí wọn ò ṣe ní dá a.

Níbi tí wọ́n ti ń fún ara wọn lọ́rùn tàbí tí wọ́n ń yí apá, fi ọwọ́ lu ara ẹnìkejì lẹ́ẹ̀mejì, kó lè mọ̀ pé o ti gbà kó sì fi ọ́ sílẹ̀, ní kété tí o bá ti mọ̀ pé ó wọlé. Má dúró de ìrora. Bí wọ́n bá dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn dáadáa, láàrin ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá èèyàn ti dákú, ìgbọ̀nwọ́ sì máa ń yẹ̀ kó tó di pé ó dùn ọ́ tó.

Irun rẹ ńkọ́? Dì í mọ́ orí ní kókó rírọ̀ méjì, kò gbọdọ̀ sí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí irin nínú rẹ̀, torí ojú ẹlòmíì ló máa bá. Yọ yẹtí, gé èékánná ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀. Ra kọ́mú eré ìdárayá tó di àyà mú dáadáa. Bí o bá dé ilé, wẹ̀ kí o tó jókòó, kí o sì fọ aṣọ lọ́jọ́ náà. Orí ẹní ni làpálàpá ti máa ń ran àwọn oníjàkadì. Bí o bá rí i lára ẹnìkan, má bá a jà títí yóò fi lọ, má sì tijú láti sọ ọ́. Iyán ò gbọdọ̀ wà ní ikùn rẹ láàrin wákàtí mẹ́ta tó ṣáájú. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o má mu omi kí o lè bọ́ sí ìwọ̀n kan, má gbọ́ tirẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ọ̀bẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ lálẹ́, fún un, kí o sáré. Kò sí ìjà kankan nínú lẹ́tà yìí tí mo kọ fún ìyẹn.

Mo fi owó kan sínú àkáǹtì rẹ lánàá. Rọ́bà ìbòyín ni kí o kọ́kọ́ rà, kó tó kan gílọ́ọ̀fù, kó tó kan aṣọ. Oríṣi tí wọ́n ń fi omi gbígbóná rọ̀ kí èèyàn tó gé e jẹ ni kí o béèrè. Tí o bá ti jókòó tì wọ́n níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, pè mí kí o sọ ohun tí o rí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ