Lẹ́tà sí Bùọ̀dá mi: níbo ni ìwé yẹn wà?

Bùọ̀dá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ nígbà tí ọ̀kadà gbá mi dé ọwọ́ wa, a dúpẹ́. Wọ́n ti fi POP di ẹsẹ̀ mi láti òkè orúnkún, dókítà ní n kò gbọdọ̀ fi tẹ ilẹ̀. Iṣẹ́ mi báyìí kò ju kí n fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí mo wò lọ́jọ́ Ajé, 20 oṣù Keje ọdún 2020, ló mú mi gbé bírò.

Àwọn aṣòfin ló pe NDDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdàgbàsókè Niger Delta, l'Abùjá, pé kí wọ́n wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ná bílíọ̀nù 81.5 náírà. Wọ́n ń bi ọ̀gá wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Pondei, ní ìbéèrè lọ́wọ́ ló dákú lórí ìjókòó. Wọ́n rọ́ yí i ká, ẹnìkan ń gbìyànjú àtila ẹnu rẹ̀. N kò ní fi àìsàn ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ láé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jókòó padà, tí Akpabio, mínísítà ọ̀rọ̀ Niger Delta, ní àwọn aṣòfin gan-an ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àgbàṣe NDDC, ńṣe ni wọ́n ní kó pa maikirofóònù. Mo pariwo débi pé ọmọ mi sáré wọlé, ó rò pé ẹsẹ̀ ni.

Tiwa wà nínú owó yẹn. Ìlàjẹ wà lábẹ́ NDDC. Wọ́n gbé iṣẹ́ ìdènà òkun Ayétòrò fún agbaṣẹ́ṣe, a ò rí ìdènà kankan, òkun ṣì ń wọ ilé. Ẹ̀yin lẹ nawọ́ láti inú ọkọ̀ ojú omi, tẹ́ ẹ ní, "Ibẹ̀ yẹn ni ilé ìdáná Ìyá Àgbà." Omi nìkan ni mo rí.

Bí mo ṣe ń wò wọ́n, ọdún 2012 ló wá sí mi lọ́kàn. Bẹntiróòlù ti kúrò ní náírà 65, ó ti dé 141, a ti yanṣẹ́ lódì, wọ́n ti dá a padà sí 97. Ẹ wá jókòó ti ìwádìí tí ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin ń ṣe lórí owó ìrànwọ́ epo, pẹ̀lú ìwé aláwọ̀ búlúù yẹn. Nígbà tí àbájáde jáde lóṣù Kẹrin, tí wọ́n ní ìjọba san mílíọ̀nù 999 náírà nígbà 128 láàárín wákàtí 24 ní oṣù Kìíní ọdún 2009, ẹ ní ẹ máa kọ ọ́ bí wọ́n ṣe san án. 999, 999, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ẹ tẹ bírò débi pé ó hàn lẹ́yìn ìwé. Iná lọ, ẹ tan àtùpà, ẹ ń kọ.

Lóṣù Kẹfà, a gbọ́ pé wọ́n ní alága ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀, Farouk Lawan, gba dọ́là lọ́wọ́ oníṣòwò epo. Wọ́n gbé ẹjọ́ yẹn lọ sí kóòtù. Ẹ fa waya tẹlifíṣọ̀n yọ lọ́jọ́ náà, ẹ gbé ìwé náà, ẹ jáde. Ọwọ́ òfìfo lẹ fi wọlé. Kí lẹ fi ṣe, Bùọ̀dá mi? Ṣé ẹ kọ ọ́ tó ìgbà 128? Òru tí ẹsẹ̀ bá ń ro mí, òun ni mo máa ń rò.

Kò pẹ́ sígbà yẹn lẹ dé Manchester. Nígbà tí mo pè yín lọ́jọ́ Ajé, ẹ ní, "Fi wọ́n sílẹ̀, gbájú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ." Ó dùn mí. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa ní pálọ̀ yẹn pé ká máa wò wọ́n, ká máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n má baà sọ lọ́la pé a ò mọ̀. Kòtò tí ọlọ́kadà ń yà fún ló gbé e kọlù mí, kòtò yẹn sì ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ya ẹsẹ̀ mi kúrò lára wọn?

NDDC pín bílíọ̀nù 1.5 náírà fún òṣìṣẹ́ wọn nítorí kòrónà. Ṣọ́ọ̀bù tèmi tí kòrónà tì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i ni ọ̀kadà gbá mi, onílé sì ti ń ránṣẹ́. Ọmọ mi tó yẹ kó ṣe WAEC wà nílé, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní wọn ò ní ṣe é. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tún ya fọ́tò egungun náà. Tí kò bá tíì jọ, irin ni wọ́n máa fi sí i, owó irin náà kò sí lọ́wọ́ mi, n kò sì fẹ́ kí Màámi gbọ́.

Ẹ pè mí kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ má bi mí léèrè ẹsẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ NDDC yìí.

Èmi ni,
Àbúrò yín.