Ìṣirò pọ́ńbélé àti gọ́tà àdúgbò wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èsì yìí síta fún òǹkàwé ẹlẹgbẹ́ mi tí ó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ó ní kí ìjọba ṣíwọ́ níná owó lórí àwọn tí wọ́n ń fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe ìwádìí ìṣirò pọ́ńbélé, ìyẹn ìṣirò tí a ń ṣe nítorí ìmọ̀ nìkan, ní yunifásítì, nítorí pé ìṣirò wọn kò tún gọ́tà kan ṣoṣo ṣe rí nílùú Ìlọrin, tí ó sì ní kí wọ́n fi owó náà ra ọkọ̀ akólẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ lórí gọ́tà, òdodo ni, n kò sì ní bá a jiyàn lórí rẹ̀, nítorí pé ibi tí àgbàrá ti ń wọlé ni èmi náà ń gbé. Ohun tí ó ní kí a gé kúrò ni mo fẹ́ bá a sọ. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama, ní Òmù-Àrán ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Ìlọrin níbí, kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lára gidigidi.

Nínú òjò ọdún tó kọjá, gọ́tà tó wà níwájú ìsọ̀ aláṣọ kan ládùúgbò wa dí, omi sì ya wọ inú ìsọ̀ náà lóru, ó ba àǹkárá tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé jẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọ̀dọ́ fi ṣọ́bìrì kó ohun tí ó dí gọ́tà náà síta, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin ni ó kún. Mo dúró tì wọ́n, mo sì ń wo ohun tí ó ń jáde: ọ̀rá píọ̀-wọ́tà, ọ̀rá búrẹ́dì, ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di nǹkan fúnni lọ́jà, ike omi, iyanrìn. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò sí níbẹ̀, ẹyọ kan báyìí kò sí. Gbogbo wa la sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra míńírà tí ó ní òun fẹ́ gbé ìgò lọ ní láti fi owó ìgò sílẹ̀, ọjọ́ tí ó bá dá ìgò padà ni yóò gba owó rẹ̀, nítorí náà bí ìgò bá tilẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lójú títì, ọmọdé kan yóò ṣà á kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà kò ní kọ́bọ̀ kan lórí. Bí a bá ti fa omi inú rẹ̀ mu tán, ó di ti ojú àgbàrá.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé àyíká ń wádìí gan-an nìyẹn. Arthur Cecil Pigou, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ọrọ̀ ajé ní Cambridge, ni ó là á kalẹ̀ ní 1920 pé nígbà tí ìnáwó tí òwò kan ń fà bá bọ́ sí ọrùn ẹni tí kò sí nínú òwò náà, iye tí wọ́n ń ta ọjà ọ̀hún kò tíì pé, ó sì yẹ kí ìjọba fi owó lé e títí yóò fi pé. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ẹni tó ta omi jèrè, ẹni tó mu omi pa òùngbẹ, aláṣọ tí kò tà tí kò sì mu ni ó wá fi àǹkárá rẹ̀ san gbèsè. Nígbà tí ìjọba Ireland fi sẹ́ǹtì 15 ti owó Yúróòpù lé ọ̀rá ìkẹ́rù kọ̀ọ̀kan ní 2002, ìlò ọ̀rá náà fi ohun tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀.

Síbẹ̀, n kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ti Ireland wá síbí láìrò ó. Ẹni tó ń ru ẹrù nínú oòrùn ọjà Ìpàtà, píọ̀-wọ́tà ni omi tó wà nítòsí rẹ̀, bí a bá sì ní kí àwọn ènìyàn máa san owó gọbọi kí a tó bá wọn kó ìdọ̀tí, àwọn kan yóò máa lọ dà á sínú odò Àsà lóru. Ìlànà owó ìgò ni ó bá ìwà wa mu jù lójú mi, nítorí pé ẹni tí ó dá nǹkan padà ni ó ń gba owó, kò sì sí ẹni tí yóò tìtorí owó tí òun fẹ́ gbà lọ fara pa mọ́ sínú òkùnkùn. Àwọn ará Jámánì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún agolo àti ike láti 2003, sẹ́ǹtì 25 sì ni ó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lónìí. Èló wá ni kí a fi lé ọ̀rá kan tí yóò tó láti mú ọmọdé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣà á, tí kò sì ní ni ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lára? A kò lè méfò ìyẹn. Àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jókòó tì í.

Òǹkàwé yín ní kí a ra ọkọ̀ akólẹ̀ sí i. Kí ó jọ̀wọ́ wá bá mi rìn láti Ọjà Ọba wọ àárín àwọn agboolé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ han ibi tí ọkọ̀ náà yóò gbà, nítorí pé àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó kò mọ mọ́tò. Ìlú Curitiba ní orílẹ̀-èdè Brazil ní irú ìṣòro yìí ní àwọn àdúgbò tálákà rẹ̀ tí ọ̀nà wọn há. Lábẹ́ Jaime Lerner, ayàwòrán ilé tí ó di olórí ìlú náà, wọn kò wó ilé ẹnikẹ́ni nítorí ọkọ̀. Wọ́n ní kí àwọn ará àdúgbò kó ìdọ̀tí wá sí ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí, láti 1991 sì ni ẹni tó bá kó kílò 4 ohun tó ṣeé tún lò wá ti ń gba kílò 1 èso àti ẹ̀fọ́ lọ sílé, èyí tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ìtòsí. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀. Owó ìgò náà ni, ẹ̀fọ́ ni wọ́n fi ń san án.

Ibi tí ọkọ̀ lè wọ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ akólẹ̀ máa ń wá sí àdúgbò wa nígbà mìíràn, mo sì máa ń dúró lójú fèrèsé wò ó. Yóò wọ òpópónà kan, yóò fi ẹ̀yìn jáde, yóò kọjá níwájú ilé mi lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì lọ láìdé ẹ̀yìn mọ́sálásí. Ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ọmọ-ọmọ mi tí ó wà ní ìwé kẹfà fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo ọ̀nà àdúgbò náà sórí sìmẹ́ǹtì àgbàlá. Mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọkọ̀ ti ń wọlé, kí ó fi ìka rin gbogbo rẹ̀ láìfo ọ̀kan, kí ó má gba ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe é títí ìka rẹ̀ fi funfun, kò bọ́ sí i. Mo wá ní kí ó ka iye ọ̀nà tó pàdé ní oríta kọ̀ọ̀kan. Oríta mẹ́rin kì í dá wàhálà sílẹ̀: o gba ọ̀nà kan wọlé, o gba òmíràn jáde, o tún wọlé, o tún jáde, ọ̀nà tán. Oríta mẹ́ta ni ìṣòro, nítorí pé nígbà tí o bá wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ọ̀nà tuntun tí o ó gbà jáde mọ́, àfi èyí tí o ti gbà rí. Bákan náà ni òpópónà tí kò já rí.

A ka àwọn oríta mẹ́ta àti àwọn ìpẹ̀kun ọ̀nà tí kò já pọ̀, ó jẹ́ 11. Mo sọ fún ọmọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé a ti ṣì í kà, n kò sì tíì wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kejì tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní orí méjì. Bí a bá ka gbogbo orí ọ̀nà inú ìlú pọ̀, iye wọn gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí méjì, nítorí náà àwọn oríta tí iye ọ̀nà wọn kò ṣeé pín sí méjì kò lè jẹ́ 11 láéláé, ìbáà ṣe ní Ìlọrin, ìbáà ṣe ní Mẹ́kà. Ọmọ náà dìde, ó rin àdúgbò náà yí ká, ó sì padà wá sọ fún mi pé ìpẹ̀kun ọ̀nà ẹ̀yìn mọ́sálásí ni a kò kà. 12 ni. Ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ akólẹ̀ kì í dé.

Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, ni ó kọ́kọ́ gbé ìmọ̀ yìí jáde ní 1736. Ìlú Königsberg, tí ó di Kaliningrad ní Rọ́ṣíà lónìí, ní afárá méje lórí odò Pregel, àwọn ará ìlú sì ń béèrè bóyá ènìyàn lè rìn kọjá lórí gbogbo wọn ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Euler fi hàn pé kò ṣeé ṣe. St. Petersburg ni ó wà nígbà náà, owó ìjọba Rọ́ṣíà ni ó ń jẹ, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan lọ́dún yẹn pé ọ̀rọ̀ afárá yìí kò fi bẹ́ẹ̀ bá ìṣirò tan. Ọdún 224 kọjá kí Guan Meigu, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Ṣáínà, tó wádìí ní 1960 ọ̀nà tó kúrú jù tí ẹni tó ń pín lẹ́tà lè gbà kó gbogbo òpópónà já, tí ó sì rí i pé ohun tó kù láti pinnu ni bí a ó ṣe so àwọn oríta oníwàhálà wọ̀nyẹn pọ̀ ní méjì-méjì, kí ọ̀nà tí a ó tún gbà lẹ́ẹ̀kejì lè kúrú bó ti yẹ.

Ẹ wo ohun tí méjì-méjì yẹn já sí ní àdúgbò wa kékeré. Ibi 12 péré ni, ṣùgbọ́n oríṣi ọ̀nà tí a lè gbà so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì jẹ́ 10,395. Awakọ̀ wo ni yóò dán gbogbo rẹ̀ wò? Bí a bá sì mú Ìlọrin láti Tanke títí dé Òkè Sọbí, kò sí kọ̀ǹpútà tí ó lè yẹ irú iye bẹ́ẹ̀ wò tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Jack Edmonds ni ó rí ọ̀nà àbùjá ní 1965, tí kọ̀ǹpútà fi lè mú èyí tó dára jù láìwo gbogbo wọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ni nígbà náà, ní ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó òṣùwọ̀n, ìbéèrè ìṣirò lásán ni ó sì jókòó tì, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí kò sí níbẹ̀. Ká ní ẹnì kan ti dá owó oṣù òun tàbí ti Euler dúró nítorí pé iṣẹ́ wọn kò tún gọ́tà ṣe, ọkọ̀ tí òǹkàwé yín fẹ́ kí a rà ì bá dé, ì bá sì máa sun epo káàkiri níwájú ilé mi bí èyí tó wà nílẹ̀ ti ń ṣe. Ó yà mí lẹ́nu pé Ìlọrin ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Àlùfáà tí ó ń pín ogún ládùúgbò wa, tí ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́jọ fún opó àti ìdá kan nínú mẹ́fà fún ìyá kí ó tó kan àwọn ọmọ, irú ìṣirò tí al-Khwarizmi kọ sínú ìwé ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820 ni ó ń ṣe, inú ìwé náà sì ni orúkọ áljẹ́brà ti jáde.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Yunifásítì Ìlọrin ti wà láti 1975, ti ìpínlẹ̀ wa ní Malete láti 2009, Landmark ní Òmù-Àrán láti 2011. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá. Kí àwọn olùkọ́ wọn mú akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ẹ̀ka ọrọ̀ ajé, ọ̀kan láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ètò ìlú, ọ̀kan láti ẹ̀ka ìṣirò, kí wọ́n fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àdúgbò kan ṣoṣo, kí wọ́n sì jọ kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé yà sọ́tọ̀: bí ẹni tó ń ṣètò ìlú bá sún ibi ìkódọ̀tí kúrò níbì kan sí ibòmíràn, ọ̀nà tí onímọ̀ ìṣirò là sílẹ̀ fún ọkọ̀ ti yí padà nìyẹn, bí ọ̀nà ọkọ̀ bá sì kúrú, epo tí a kò sun lè di owó tí a ó fi lé ọ̀rá. Kí wọ́n pe ẹgbẹ́ onílé àti àwọn ìyá ọjà mọ́ ọn pẹ̀lú. Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba àmì ẹ̀yẹ Nobel nínú ọrọ̀ ajé, ní 2009, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi hàn pé àwọn tó ń jẹ ohun kan pọ̀, ìbáà ṣe omi, igbó tàbí pápá, lè fúnra wọn ṣòfin tí yóò dúró lé e lórí. Nílùú ìyá mi ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọ aṣọ níbi ìsun omi mímu, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọlọ́pàá kankan tó ń ṣọ́ ibẹ̀.

Àwòrán àdúgbò wa wà lọ́wọ́ mi. Mo ti dà á kọ láti orí sìmẹ́ǹtì sórí pépà, ibi 12 náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, mo sì ti fi ẹsẹ̀ wọn gígùn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ka yunifásítì tó bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ yín, n ó gbé e wá sí ọ́fíìsì yín fúnra mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìlọrin.