Délé, irin inú àpótí yẹn

Délé ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni òtútù Kánádà? Fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp wọlé, má bínú pé mi ò tètè dáhùn, iná ò sí l'Ádó láti ọjọ́ mẹ́ta, fóònù mi kú fin-ín.

Irin róbótó tó ní èèkù igi tí bàbá onílé ẹ fún ẹ, tó ò ń bi mí bóyá fáìlì tó ti jẹ tán ni, kì í ṣe fáìlì o! Fáìlì ní eyín, èyí ò ní rárá. Bọ́níṣà ló ń jẹ́. Fi ìka pa á lára, tí kò bá ti ha ẹ́ lọ́wọ́ níbì kankan, ó ṣì dáa nìyẹn, ṣáà máa fi epo díẹ̀ nù ún kó má dógùn-ún.

Àwa kápẹ́ńtà tá à ń fi sikirépà, irin pẹlẹbẹ yẹn, họ igi la mọ iyì ẹ̀. Tó o bá fi fáìlì gbo etí sikirépà títí tó fi gún, wàá wá fi bọ́níṣà tẹ etí yẹn, fà á lọ fà á bọ̀, wàá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, etí irin á tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i, àmọ́ ọwọ́ á mọ̀. Ìwọ̀ yẹn ló ń họ igi. Tó bá mú dáadáa, kì í ṣe eruku ló máa jáde, igi á máa ká jáde fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé. Bọ́níṣà gbọ́dọ̀ le ju irin tó fẹ́ tẹ̀ lọ ṣá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló máa gbàpá.

Sáńpépà ń jẹ nǹkan lára ni, ewé ìpín táwọn agbẹ́gilére fi ń ha ère náà ń jẹ ẹ́ lára, àmọ́ bọ́níṣà ò mú nǹkan kan kúrò, ṣe ló ń tẹ gbogbo ibi tó rí gbágungbàgun mọ́lẹ̀ títí á fi jọ̀lọ̀ tí á máa dán. Àwọn òyìnbó tó ń lẹ wúrà mọ́ férémù, òkúta ni tiwọn, láyé àtijọ́ eyín ajá ni wọ́n tiẹ̀ ń lò. Eyín ajá, Délé! Ògún jẹ ẹran, òyìnbó kó eyín.

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé o ti mọ bọ́níṣà kí n tó mọ̀ ọ́n. O rántí ọta màámi n'Ísàn? Òkúta dúdú tó tóbi tó ẹyin àparò, tí ìyá wọn fún wọn. Wọ́n á jókòó lórí àpótí, ìkòkò láàárín orúnkún, wọ́n á máa fi ọta yẹn pa á ní òbírí kékeré kékeré, ṣìì, ṣìì, ṣìì. Tí amọ̀ bá tutù jù, ọta á rì sí i, tó bá gbẹ jù, kò ní dán mọ́, ìgbà tó bá ti gan díẹ̀ tí èékánná ṣì lè wọ̀ ọ́ ni. Sọ fún ìyàwó ẹ tó ń kọ́ iṣẹ́ amọ̀ yẹn pé kí wọ́n má jẹ́ kí iná ga jù o, igi àti koríko làwọn màámi fi ń sun tiwọn ní gbangba, àwọn ẹ̀rọ oníná yín tó máa ń kọjá 1,000°C yẹn, dídán ẹ̀ á lọ ni.

Ìwọ náà lo sì ní ká fi ọta yẹn fọ́ ẹkùrọ́. Ó ṣán létí bíńtín, àwa ò tiẹ̀ rí i, ìkòkò mẹ́ta ló ti ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri ara kí wọ́n tó yí ọta wò. Èmi jẹ pàṣán, ìwọ ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ sílé yín, mi ò sì dárúkọ ẹ, mo fi Ọlọ́run búra.

Wọn ò mọ ìkòkò mọ́ báyìí, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, àmọ́ ọta wà nínú agolo mílíìkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fi fọ́tò ẹ hàn wọ́n láàárọ̀ yìí, ìwọ àti irin ẹ. Wọ́n gba fóònù, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ṣé Délé tó fọ́ ọta mi nìyí?”

Èmi ni,
Táyọ̀