Lẹ́tà sí Káyọ̀dé lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ọjọ́ ìsìnkú Màmá

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú aráfẹ́rakù o. Ẹ̀yìn Màmá á dáa, wọ́n á yà lọ́dọ̀ ọmọ.

Mo rí mẹ́sèèjì ẹ. O ní ìwọ fúnra ẹ lo fẹ́ wa ọkọ̀ tẹ̀lé òkú. Jọ̀ọ́, má wà á, jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ, ojú tó ń da omi ò lè wo títì Ìbàdàn. Mo mọ̀ pé ti Atlanta ní Amẹ́ríkà ló wà lọ́kàn ẹ, pé tí àwọn ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé òkú bá ti tan iná lọ́sàn-án gangan báyẹn, òfin ìpínlẹ̀ Georgia fún wọn láyè láti kọjá ní ìkóríta, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ já wọ àárín wọn, àti pé àwọn tí ò mọ olóògbé rí gan-an á páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí wọ́n á fi kọjá. Ó wù mí gan-an. Níbí, màrúwá á já wọ àárín áńbúláǹsì àti ọkọ̀ ọmọ olóòkú, á tún máa fọn fèrè.

Bẹ́ẹ̀ a ní tiwa o. Láyé àtijọ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbé òkú, ẹnìkan á wà níwájú tí á máa tu ìyẹ́ adìẹ ìrànà sójú ọ̀nà, ẹni tó bá ti rí i ti mọ nǹkan tó ń lọ. Títí dòní, àwọn bàbá àgbà ṣì máa ń ṣí fìlà tí òkú bá ń kọjá, wọ́n á ní ọ̀run ire o.

Ohun tó ń dùn mí ni tàwọn ọmọ tó ń jókòó sójú wíńdò. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ní Mókọ́lá, àwọn ọlọ́kadà ṣíwájú kọ́ńfọ̀ì òkú kan, wọ́n gba wan-wé, ọmọkùnrin kan gbé gbogbo ara ẹ̀ síta lójú fèrèsé ọkọ̀, aṣọ ẹbí lọ́rùn ẹ̀, ó ń pariwo, àfi bí bọ́ọ̀sì kan ṣe yọ lódìkejì. Bàtà ẹ̀ kan ló já bọ́ sí títì, bọ́ọ̀sì yẹn sì gun bàtà náà mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni ì bá jẹ́! Òkú Mùsùlùmí tí wọ́n fẹ́ sin lọ́jọ́ kan náà pàápàá, ìkánjú yẹn ò ní ká sáré àsápajúdé.

Torí náà mo ti bá awakọ̀ áńbúláǹsì sọ̀rọ̀, kò ní sáré kọjá kìlómítà 40 ní wákàtí láàárín ìgboro, ìkóríta nìkan ló ti máa fọn sìrénì. Àárọ̀ kùtù la máa gbéra, gba Ring Road lọ sí Chalẹ́ńjì, ká ti kọjá Mọ́lété kí gó-síló tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ yín ló máa tẹ̀lé Màmá, èmi ni màá wà lẹ́yìn pátápátá kẹ́nikẹ́ni má bàa sọnù. Iná iwájú ni kí gbogbo wa tàn, kì í ṣe hàsáàdì, torí ẹni tó tan hàsáàdì, ẹni ẹ̀yìn ẹ̀ ò ní mọ̀gbà tó fẹ́ yà. Tá a bá dé ẹnu àdúgbò ní Òkè-Àdó, àwọn onífèrè á ti máa dúró dè wá, ibẹ̀ la ti máa sọ̀kalẹ̀, ká fẹsẹ̀ jó sin wọ́n délé. Màmá dàgbà, ijó tọ́ sí wọn.

Nǹkan kan ló kù. Bá mi pe àbúrò ẹ Wálé, òun làwọn ọmọ àdúgbò máa ń gbọ́ sí lẹ́nu. Kó sọ fún wọn pé a máa fún wọn lówó, àmọ́ kí wọ́n dúró ní ìkóríta, kí wọ́n bá wa dá ọkọ̀ dúró, kí wọ́n má gun ọ̀kadà ṣíwájú òkú. Sọ ọjọ́ tó o máa dé fún mi kí n wá gbé ẹ.

Èmi ni,
Túndé