Bí ayékòótọ́ ẹ ṣe ń mí

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà, ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Inú mi dùn gan-an pé o ti ní ayékòótọ́, pé ó tiẹ̀ ti ń gun èjìká ẹ. Àmọ́ fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, èyí tí o fi gbogbo ọwọ́ di àyà ẹ̀ mú yẹn, òun ló jẹ́ kí n tètè kọ lẹ́tà yìí. Jọ̀ọ́, má dì í mú báyẹn mọ́.

Wò ó, àwa èèyàn ní iṣan pẹrẹsẹ kan lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tó ń bá wa fa atẹ́gùn wọlé, ẹyẹ ò ní irú ẹ̀. Egungun àyà ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló máa ń sún lọ sún bọ̀ kó tó lè mí. Tí ọwọ́ bá fún àyà yẹn pinpin, ẹyẹ lè kú sọ́wọ́ èèyàn láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni dí imú ẹ̀. Jẹ́ kó máa dúró sórí ìka ẹ, tó bá wá di dandan kí o dì í mú, rọra fi ìka yí ọrùn ẹ̀ ká lábẹ́ àgbọ̀n, kí o fi táwẹ́ẹ̀lì wé ìyókù, má wé e le o.

Inú ẹyẹ yẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ kéré, kì í sì í wú bíi tiwa, àmọ́ àwọn àpò atẹ́gùn wà káàkiri ara ẹ̀, mẹ́sàn-án ni nínú ọ̀pọ̀ ẹyẹ, àwọn kan tiẹ̀ wọnú egungun lọ. Atẹ́gùn tó bá fà wọlé, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ sí àpò ẹ̀yìn, ìgbà tó bá mí síta ló máa gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá, tó bá tún mí sínú á bọ́ sí àpò iwájú, ó di ìgbà tó bá mí síta lẹ́ẹ̀kejì kó tó jáde. Ojú kan náà ló ń gbà kọjá nínú ẹ̀dọ̀fóró, kì í lọ kó tún padà gba ibẹ̀. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹyẹ bar-tailed godwit kan lè fò láti Alaska ní Amẹ́ríkà dé Tasmania ní Ọsirélíà lọ́dún 2022, ó lé ní 13,500 kìlómítà, ọjọ́ 11, láì bà síbì kankan!

Àmọ́ ẹni tó ń mí dáadáa tó báyẹn, májèlé inú afẹ́fẹ́ náà ló máa kọ́kọ́ mú. Torí ẹ̀ làwọn tó ń wa èédú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń gbé ẹyẹ canary wọ inú ihò títí di 1986, kó lè jẹ́ kí wọ́n mọ̀ tí gáàsì burúkú bá wà. Nínú ilé tìẹ, fráìpáànù nonstick, èyí tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, lẹ̀rù ń bà mí fún jù. Tó bá gbóná kọjá ààlà lórí iná, èéfín ẹ̀ lè pa ẹyẹ kíákíá, kódà kó wà ní yàrá míì. Gbé kéèjì ẹ̀ jìnnà sí kíṣìnì, má fín lọ́fínńdà tàbí oògùn ẹ̀fọn nítòsí ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá níbẹ̀.

Ohun míì ni pé ẹyẹ máa ń fi àìsàn pamọ́, torí nínú igbó, èyí tó bá ti rẹ̀ làṣá máa ń fojú sí. Ìgbà tí o bá fi máa rí i pé ara ẹ̀ ò yá, ó lè ti pẹ́ tó ti ń ṣe é. Máa wo ìrù ẹ̀ nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́: tí ìrù yẹn bá ń lọ sókè sódò pẹ̀lú gbogbo èémí, wàhálà ti wà nìyẹn. Tó bá jókòó sísàlẹ̀ kéèjì, tí gbogbo ìyẹ́ ẹ̀ wú, má dúró dọ̀la. Tó bá jẹ́ pé oòrùn mú gan-an ló ṣe ya ẹnu, tó sì na apá kúrò lára, ooru ló ń lé jáde, torí ẹyẹ kì í làágùn. Gbé e síbi tó tutù, fún un lómi. Àmọ́ tí ooru ò bá mú, tí kò sì tíì fò rárá, tó wá ń ya ẹnu mí, ọ̀dọ̀ dókítà ni o.

Bá mi ya fídíò ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá ń sinmi, kí àyà àti ìrù ẹ̀ hàn dáadáa, fi ránṣẹ́ kí n wò ó. Kí o sì ti wá dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa ẹyẹ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń tọ́jú ẹyẹ.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ.