Sí Wálé, nípa àwòrán Olorì

Ìjẹ̀bú-Òde

Wálé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù ibẹ̀ o. Gàárì tí o ní kí n fi ránṣẹ́ ti wà nílẹ̀, ẹni tí yóò bá mi gbé e ni mò ń wá.

Ní ti àwòrán Olorì tí wọ́n ní kí o yà, kánfáàsì íǹṣì 50 lóròó, 40 níbùú, ló bá ẹni tó jókòó mu, láti orí dé orúnkún. Jẹ́ kí orí wọn kéré díẹ̀ sí orí èèyàn gidi. Tó bá fi lè tóbi jù ú lọ, á dà bí ère. Adé onílẹ̀kẹ̀ tó bojú, ti Kábíyèsí ni, má gbé e lé wọn lórí.

Má po dúdú mọ́ funfun fún àwọ̀ ara, eérú ló máa dà. Burnt umber, ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú, ni kí o fi ṣe ìpìlẹ̀, fi búlúù ultramarine bíńtín sí i àti pupa alizarin. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti kan iwájú orí máa ń ní àwọ̀ búlúù díẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i á fi funfun ba ojú jẹ́.

Tó bá jẹ́ aṣọ olónà ni wọ́n ró, má tẹ̀ lé òwú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kun ilẹ̀ aṣọ, jẹ́ kó gbẹ, kí o wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ wọ́ ọ̀dà tó ki gba orí ọnà tó wú sókè.

Iyùn ló ń tú àṣírí ayàwòrán. Èyí tó wà lábẹ́ àgbọ̀n, inú òjìji ló wà, pupa rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣú. Funfun á sọ iyùn di píǹkì, ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn ni kí o fi mú un mọ́lẹ̀. Àmì ìmọ́lẹ̀ tó tín-ín-rín, ara èyí tó kọjú sí fèrèsé nìkan. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń dán bákan náà, ata rodo lo yà sí wọn lọ́rùn.

Tọpẹntáìnì ni kí o fi po ọ̀dà ìpele àkọ́kọ́ kó fẹ́lẹ́, kí òróró máa pọ̀ sí i bí o ṣe ń gòkè. Tí òróró bá pọ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ, òkè á ti gbẹ, ìsàlẹ̀ á ṣì máa yí, ó di kó sán. Òtútù tiyín sì ń fa gbígbẹ sẹ́yìn, nítorí náà fún un ní oṣù 6 ó kéré tán kí o tó fi fáníìṣì.

Ẹni tó ń sọ fún ọ pé irú àwòrán báyìí kì í ṣe tiwa, bi í bóyá ó mọ Aina Onabolu, ayàwòrán, ọmọ ìlú yìí tí wọ́n bí ní 1882. Láti 1906 ló ti ya Mrs Spencer Savage.

Tó bá di dandan kí o ká a ránṣẹ́, ojú àwòrán ni kó kọ síta, lára páìpù tó fẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ.

Èmi ni,
Gbénga