Wákàtí kan kò tó fún Elmina àti Cape Coast

Ẹ̀yin Olóòtú,

Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí lórí bí ènìyàn ṣe lè lo òpin ọ̀sẹ̀ ní etíkun ilẹ̀ Gánà, inú mi sì dùn pé ẹ ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún wa ní èdè wa. Ibi tí ẹ ti wí pé wákàtí kan ti tó fún ilé olódi Cape Coast àti ti Elmina, níbi tí wọ́n ti ń há àwọn ẹrú mọ́ láyé àtijọ́ kí wọ́n tó kó wọn ré kọjá òkun, kí àlejò lè tètè padà sórí yanrìn, ni ó mú mi gbé kálàmù. Ẹ jọ̀wọ́, kò tó rárá.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, èmi àti ọmọ mi obìnrin bá àwọn kan tó ń ṣètò ìrìn àjò afẹ́ láti Èkó lọ síbẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú péré ni wọ́n fún wa ní Cape Coast, nítorí pé oúnjẹ ọ̀sán ti ń dúró dè wá ní òtẹ́ẹ̀lì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú àjà-ilẹ̀ tí wọ́n ń há àwọn ọkùnrin mọ́ ni, òkùnkùn ibẹ̀ kò tíì mọ́ wa lójú, ẹni tó ń mú wa yíká sì ń sọ fún wa pé orí àjà náà gan-an ni àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn sí, nígbà tí olórí ìrìn àjò bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ pé kí a máa bọ̀. Ọmọ mi ṣì ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. A kò dúró gbọ́ èsì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a fi àwọn yòókù sílẹ̀ létí omi, a wọ takisí lọ sí Elmina, tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà méjìlá lọ. Àwọn Pọtogí, tí àwọn baba wa ń pè ní Àgùdà, ni wọ́n kọ́ ilé yẹn ní 1482, ọdún mẹ́wàá gbáko kí Columbus tó wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Wúrà ni wọ́n kọ́kọ́ torí rẹ̀ kọ́ ọ. Ẹ̀yìn náà ni òwò ẹrú gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn ará Họ́lándì gbà á ní 1637, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1872. Àgbàlá kan wà nínú rẹ̀ tí n kò lè gbàgbé. Yàrá tí wọ́n ń há àwọn obìnrin mọ́ wà nísàlẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gómìnà wà lókè, níbi tó ti máa ń bojú wolẹ̀ yan èyí tó bá wù ú nínú ọmọ ọlọ́mọ. Ọta irin ńlá kan ṣì wà nílẹ̀ àgbàlá náà. A gbọ́ pé òun ni wọ́n máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ obìnrin tó bá kọ̀. Ọmọ mi fi ẹsẹ̀ tì í, kò mira. Ó ju wákàtí méjì lọ kí a tó jáde níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi pé ó ti sú òun.

Ẹ bá mi tún ohun kan ṣe pẹ̀lú. Àròkọ yín wí pé láti àwọn ilé olódi méjèèjì yìí ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá àwọn Yorùbá tó wà ní Bràsíl àti Kúbà lọ. Ouidah àti Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, Àgbádárìgì àti Èkó ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ènìyàn wa ti wọkọ̀ àrèmabọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ tọ ipa wọn, kò ní láti yà kúrò lójú ọ̀nà púpọ̀, nítorí pé ẹni tó bá fi ọkọ̀ lọ sí Accra láti Èkó yóò gba ìtòsí Àgbádárìgì àti Ouidah kọjá. Ilé olódi kékeré tí àwọn Àgùdà kọ́ sí Ouidah ní 1721 wà lọ́wọ́ wọn títí di 1961, kí ó tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ gbádùn òkun. Àwa náà gbádùn rẹ̀, ẹja yíyan àti kenkey tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé sì wà lẹ́nu mi di òní. Àmọ́ ìgbì etíkun Cape Coast le, ó sì lè fa òmùwẹ̀ lọ. Ó yẹ kí ẹ kìlọ̀ fún àwọn òbí. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà jáde níbẹ̀ ṣí sí ààrin ọkọ̀ àwọn apẹja, tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi ọ̀dà, tí àwọn ọkùnrin ń jókòó tún àwọ̀n ṣe lẹ́bàá rẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró dáadáa nínú àjà-ilẹ̀ kí ó tó gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn jáde, ojú tí yóò fi wo omi yóò yàtọ̀.

Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín pé nígbà tí ẹ bá tún tẹ ètò náà jáde ṣáájú ìsinmi Àjíǹde, kí ẹ fi òwúrọ̀ Sátidé fún Cape Coast, kí ẹ fi òwúrọ̀ Sunday fún Elmina, kí etíkun ó wá gba ọ̀sán méjèèjì.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Abẹ́òkúta